Ìwé Tí Kì Í Sọ̀kalẹ̀

Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń fún ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, orí àjà kẹta ló wà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ahọ́n mi ló yọ̀. Àjà kẹta. Kò sí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà kọjá, àtẹ̀gùn lásán ni, irin ìdìmú rẹ̀ sì ti já dànù lápá ọ̀tún. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Ẹni tó fi í síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, ìyẹn dá mi lójú.

Inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti bẹ̀ mí títí, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló mọ àtẹ̀gùn yẹn. Èèyàn ló mọ ọ́n, èèyàn ló sì ń jókòó sókè rẹ̀ lójoojúmọ́ tó ń retí kí arọ gùn ún wá bá òun.

Bùsáyọ̀ lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìníolúwa ni àwọn ará àdúgbò wa ní Ugbowo mọ̀ mí sí. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà fún àwọn aránṣọ. Ọkọ mi ni Ṣèyíọlá. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, èmi náà ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n Benin níbí la ti pàdé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ ìgẹrun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Lagos, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àwọn ọmọ tó gẹrun fún nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò àṣewọlé ti di tíṣà ní yunifásítì náà, wọ́n sì ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó kí wọ́n gẹrun yín, ẹ lè má fiyè sí i pé ìdúró ni iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ òsì á di orí mú, á máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún á di kílípà mú, ẹsẹ̀ á sì máa yí àga po. Ọkọ mi kì í jókòó láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá ń gẹrun, á máa bá oníbàárà jiyàn bọ́ọ̀lù, á fi tákàdá sí àárín etí àti ọrùn wọn, á sún sẹ́yìn, á wo orí náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ilé tó fẹ́ rà, á tún sún mọ́ ọn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá wọn ibi tó ń rìn yí àga yẹn ká, á ti dé Ọ̀wọ̀ lọ, á sì ti padà.

Ọdún kejì rèé tí bíréèkì típà oníyẹ̀pẹ̀ kan já lójú ọ̀nà, tó sì kọlu kẹ̀kẹ́ tí ọkọ mi wọ̀. Ẹni tó wa típà náà sá lọ. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ mi kúrò nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí oorun oògùn dá lójú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ọwọ́ mi ńkọ́?” Mo ní ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ó dáa.

Kò dáa. Ẹni tó ń fi ọ̀pá méjì rìn lábẹ́ abíyá, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó fi ìbàdí ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ní kí oníbàárà máa yí àga fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹsẹ̀ náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kílípà sì ha etí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọmọ náà kò bínú, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà, ó sì wálé.

Láti ìgbà náà, ó ń jókòó nílé. Ẹni tí kì í jókòó. Ó ní ọwọ́ òun ti ń kú. Ní ọjọ́ kan ó wò mí, ó ní, “Ìyá Ìní, gbé àpótí wá, wá jókòó.” Mo jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, òun wà lórí àga, ó sì gẹ irun mi kanlẹ̀. Irun tí mo tọ́jú láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo jẹ́ kó gẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọwọ́ ra orí náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń gẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà. Nínú ọjà, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ọkọ mi ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó lè dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù kò ju ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan lọ. Bó bá ti lè dúró láìsí ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á ṣófo, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Àwa kò ní agbára láti rà á. Ìjọba ló ń fúnni, dókítà sì kọ̀wé pé kí wọ́n fún un. Ẹni tó ń kọ orúkọ wá bá a ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fún un ní káàdì. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé kí gbogbo ẹni tó ní káàdì wá fi ara hàn ní ọ́fíìsì, kí wọ́n lè mọ àwọn tó ṣì nílò ẹsẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Ìní, ẹ jókòó. Èmi á lọ.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tára rẹ̀ kò yá kì í tò sórí ìlà, ẹni tára rẹ̀ le ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún un. Bí mo bá jẹ́ kí ọkọ mi máa wọ́ ara rẹ̀ kiri ìlú nígbà tí èmi ní ẹsẹ̀ méjì, kí ni ìyá rẹ̀ máa rò nípa mi? Mo wọ aṣọ aró mi, mo wé gèlè kékeré kan, mo mú káàdì náà, mo sì lọ. Nígbà tí mo fi gun àtẹ̀gùn yẹn dókè, òógùn ti bò mí. Mo tú gèlè, mo fi ń fẹ́ ara mi.

Ọkùnrin tó jókòó nídìí rẹ́jísítà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé. Bí mo ṣe kí i ló ti mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí, ó sì dá mi lóhùn ní Yorùbá. Ará Àkúrẹ́ ni. Ó dìde, ó fa àga fún mi, ohun tí kò ṣe fún ẹni tó wà níwájú mi. Inú mi dùn. Mo na káàdì sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni next of kin wọn, ma?”

Mo ní, “Èmi ni, sà. Èmi ni ìyàwó wọn. Ọkọ mi ni, sà, wọn ò…”

Ó ti wo orí mi. Ó tètè gbé ọwọ́ sókè, ó wolẹ̀. “Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, ma. Mo ti rí i. Kò sídìí àlàyé kankan. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

Mo ṣe àmín. Mo rò pé ẹsẹ̀ ọkọ mi ló ń bá mi kẹ́dùn. Mo tiẹ̀ ń sọ nínú ara mi pé ẹ wo ọmọlúwàbí, kò fẹ́ kí n máa rojọ́ ẹsẹ̀ gígé níwájú gbogbo ayé. Ó ti ìwé kan síwájú mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i níbí àti níbí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo lè ka òyìnbó. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tó dìde fún ọ, tó fa àga fún ọ, tó bá ọ kẹ́dùn, wàá wá gbé ìwé rẹ̀ sókè kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé olè ni? Ojú tì mí láti kà á. Mo fọwọ́ sí i níbí àti níbí, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì sáré wálé lọ sọ fún ọkọ mi pé ó ti bọ́ sí i.

Oṣù méje la fi dúró. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéde lórí rédíò pé àwọn tó máa ń wọn ẹsẹ̀ ti ti Èkó dé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n á lò, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri nísàlẹ̀. Mo kà á lókè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ dókè. Orúkọ ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Mo bá gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé dá mi mọ̀. Ó ṣí rẹ́jísítà, ìwé gàgàrà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó fi ìka wá orúkọ náà. Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní òyìnbó pé olóògbé ni.

Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló kú?”

Ó ní, “Ma, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ẹ wò ó, signature yín rèé. Form tí next of kin máa ń sign nìyẹn tí patient bá ti…”

“Ọkọ mi wà nílé. Ẹ̀bà ló ń jẹ nígbà tí mo jáde.”

Ó tún wo orí mi, ó ní, “Ṣùgbọ́n orí yín, ma. Mo rí i pé ẹ ti fárí. Ọmọ Yorùbá náà ni mí, mi ò fẹ́ máa bi yín ní ìbéèrè tó máa dùn yín.”

“Ọkọ mi ló gẹ̀ ẹ́. Agẹrun ni. Ó wà nínú fáìlì yín níbẹ̀ yẹn, wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i.”

Ojú tì í, mo rí i pé ojú tì í. Ojú ti èmi náà. Àwa méjèèjì tí a mọ ìwà hù, àwa la jọ pa ọkùnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun kò béèrè, èmi kò kàwé. Mo rò pé bírò mìíràn ló kàn, kó fi fa ìlà lórí ìlà pupa yẹn, kí kálukú máa lọ.

Ó ní, “Ó ti di pé kí wọ́n wá fúnra wọn báyìí, ma. In person. Wọ́n á wá síbí, Ọ̀gá àgbà á rí wọn lójú, wọ́n á fọwọ́ sí rẹ́jísítà.”

“Kò lẹ́sẹ̀, sà. Ìdí tó fi wà nínú ìwé yín nìyẹn. Màá gbé e wá sísàlẹ̀ lọ́la, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá rí i.”

“Rẹ́jísítà kì í sọ̀kalẹ̀, ma.”

“Ẹ dákun, kí lẹ wí?”

“Kì í kúrò lórí flọ́ọ̀ yìí. Òfin ni. Bó bá sọnù, ta ni wọ́n á mú?”

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi láìfi ìkankan pamọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni mo kú?” Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Ó ronú, ó ní ọjọ́ yẹn kọ́ ni òun jẹ iṣu méjì tán? Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi á padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ní, “O ti lọ lẹ́ẹ̀kan.” Kò pariwo, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Mo ṣì tọ Bàbá Bámidélé lọ, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ọ́fíìsì, a ó wá ẹni tó mọ ẹnìkan. Bàbá pe fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ará ọ́fíìsì ti gbọ́, kí a ní sùúrù, bí ọ̀rọ̀ bá di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á rántí wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Mo dé ojú títì kí n tó sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ mi ní kí n bá òun wá ẹ̀wù funfun òun, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó. A wọ kẹ̀kẹ́ láti Ugbowo. Nígbà tí a wọ ọgbà ọ́fíìsì náà, mo rí kánópì ńlá kan lórí ilẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ará Èkó wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń darí wọn, wọ́n ń pè é ní Ọpẹ́yẹmí, ó sì kí wa dáadáa. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ní kò le rárá, kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tí wọ́n fún òun, àfi kí a lọ gba ìwé wá láti òkè.

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ̀yin wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀rọ yìí wúwo, ma. Kò ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà rò pé mo ń bá òun ṣeré, òun náà rẹ́rìn-ín. Irin wúwo, wọ́n bá fi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tún fi kánópì bò ó kí oòrùn má baà pa á.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó jókòó nítòsí dìde. Ọ̀kan ní, “Oga, make we carry you go up. E no go tey.” Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní rárá. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bí wọ́n bá gbé mi lónìí, àwọn tó wà lókè kò ní mọ̀ pé ẹnì kankan gun nǹkan kan. Wọ́n á ṣáà rí mi pé mo dé.” Ó na ọ̀pá méjèèjì sí mi, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sókè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ọ̀kan. Ó mí, ó tún ṣe é.

Báyìí ni ọkọ mi ṣe gun ilé ìjọba. Mo wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti fáìlì ọsibítù rẹ̀. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń sọ pé “sorry o,” wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Sìmẹ́ńtì àtẹ̀gùn náà ti fọ́, ó ní eyín wẹ́wẹ́, mo sì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń pọ́n, lẹ́yìn náà tó bó. Ẹ̀wù lè dọ̀tí, mo mọ̀ ọ́n fọ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo ń wò. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ béèrè nígbà tó jí. Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Obìnrin kan tó múra dáadáa ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Láìdúró, ó ju owó bébà kan sí ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi wò ó. Ó mú un, ó na án sí mi, ó ní, “Lọ bá mi dá a padà fún wọn.” Mo sáré tẹ̀ lé obìnrin náà dé ìsàlẹ̀. Mo ní, “Madam, my husband no be beggar. Na barber.” Ó ní kí n má bínú. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sọ, kí n má bínú.

Nígbà tí mo padà, ọkọ mi ti dé àjà kejì, ó ń sinmi, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú fóònù létí, ó gbé ẹsẹ̀ dáadáa kó má baà tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó sì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé ni, ó ń lọ jẹun.

Ọkọ mi ní, “Ta nìyẹn? Yorùbá ló sọ.”

Mo ní, “Òun ló pa yín.”

A dókè. Wọ́n ní kí a jókòó dúró de ẹni tó ni rẹ́jísítà. A dúró fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Rẹ́jísítà náà wà lórí tábìlì, a ń wò ó, òun náà ń wò wá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé dé, tó rí ọkọ mi lórí bẹ́ńṣì, tó rí ẹ̀wù funfun tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó wá rí èmi, ó dúró.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣèyíọlá?”

Ọkọ mi ní, “Èmi ni olóògbé náà.”

Wọ́n mú un wọlé sọ́dọ̀ Ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá àgbà wò ó láti orí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pin, ó ní ó hàn pé ó wà láàyè. Ó fọwọ́ sí i. Ó wá ní ẹni tó ń ṣojú àwọn ará Èkó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ti yí ìlà kan padà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé bá gbé rẹ́jísítà, ó fi há abíyá, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀.

Mo rí i. Mo dìde lọ sójú fèrèsé, mo rí i bó ṣe jáde nísàlẹ̀, bó ṣe ṣí ìwé náà lórí tábìlì lábẹ́ kánópì, tí Ọpẹ́yẹmí gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, tó fọwọ́ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi lọ tó fi bọ̀. Ó gòkè padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé e sórí tábìlì.

Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé, ìwé yẹn ti sọ̀kalẹ̀.”

Ó ní, “Ti official nìyẹn, ma. Signature ni.”

N kò mọ ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e. Ọkọ mi ní mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní òyìnbó, mo tún fi èdè Ọ̀wọ̀ parí rẹ̀, àti pé Ọ̀gá àgbà jáde láti yàrá rẹ̀ wá wò mí. Ohun tí mo rántí ni pé ọkọ mi fà mí láṣọ, ó ní, “Jẹ́ ká lọ kí wọ́n tó lọ.”

Bíbọ̀ nísàlẹ̀ kò yá ju gígòkè lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ń fi ìgúnpá sọ̀ ọ́. Nígbà tí a fi dé ilẹ̀, wọ́n ti ká kánópì. Ẹ̀rọ ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti fi okùn dè é. Ọpẹ́yẹmí sáré wá bá wa. Ó ní òun fọwọ́ sí i, òun rò pé a ń bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, òun dúró títí, ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá àwọn lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi nínú eruku. Ó ní, “Ẹ ti wà lórí list báyìí, sà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni nọ́ńbà kìíní.” Wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ. Ogún ìṣẹ́jú ló ní ó máa gbà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé ti sọ̀kalẹ̀ wá, ó dúró tì wá, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ó dájú pé ó dùn ún. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, sà. Kí wọ́n tó dé lọ́dún tó ń bọ̀, a máa tún ṣe verification. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú mọ́. Kí madam ṣáà mú káàdì wá, mo ti mọ̀ wọ́n.”

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ọkùnrin tí kì í bínú, tó bá oníbàárà jiyàn bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́tàlélógún tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Gbogbo ojú rẹ̀ ti le.

Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ìyàwó mi kò ní gun ibẹ̀ yẹn mọ́, èmi náà kò ní gùn ún. Ugbowo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kò ní àtẹ̀gùn. Ẹ gbé ìwé yín wá bá mi níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n rìn, mo ti rí i.”

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó wá ní ó dáa, òun á wá, òun á wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Ó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù náà sínú fóònù rẹ̀ níṣojú wa.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọkọ mi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣí i, tó ń gbá a, tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lápò àyà. Oṣù karùn-ún rèé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé kò tíì wá.